Páálí Tí Àǹtí Onípáálí Ò Kọ

Ọmọbìnrin mi àbígbẹ̀yìn kò ga rárá. Bó bá sá sẹ́yìn òpó iná, ẹ máa wá a títí. Ìdí tí mo fi mẹ́nu ba gíga rẹ̀ ni pé odindi ọdún kan ló fi ń sá sẹ́yìn òpó iná, sẹ́yìn igi, sẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó ń ṣọ́ ọkùnrin kan tó ga tó férémù ilẹ̀kùn bó ṣe ń rìn lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́pàá mú ọmọ mi. Wọ́n ní ajínigbé ni. Ó ní olùkọ́ lòun. Wọ́n ní kí ló ń kọ́ni lẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

"Ọkùnrin tó ń lọ níwájú yẹn ni. Mò ń kọ́ ọ bó ṣe máa rìn láìsí èmi."

Ọ̀gá wọn wo iwájú títì, kò rí ẹnì kankan mọ́. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ó yá, ẹ wọnú ọkọ̀ wa."

Ọlọ́pàá mẹ́fà ni wọ́n. Ó dáa, méjì ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn sanra tó márùn-ún.

Iṣẹ́ ọmọ mi nìyẹn. Ilé alájà méjì kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa, tí wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ojú ọ̀run kùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti kọjá ogún ọdún, tí dókítà sọ pé wọ́n ní ọ́tísíìmù, ló ń lọ síbẹ̀ láti kọ́ bí wọ́n ṣe máa dá gbé ayé wọn. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí ojú mi rí ni mo lè sọ. Wọ́n gbọ́n, àwọn mìíràn nínú wọn tiẹ̀ gbọ́n ju àwọn tó ń kọ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Bí ẹ bá sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn wọ̀nyí, ààbọ̀ náà ló máa wà nínú wọn. Odindi lẹ gbọ́dọ̀ sọ. Ariwo tí ẹ̀yin ò kà sí á máa gún wọn létí bí abẹ́rẹ́, bí ẹ bá sì fọwọ́ kàn wọ́n lójijì, àfi bí ẹni pé ẹ da omi gbígbóná lé wọn lára.

Nítorí náà, ohunkóhun tí ọmọ mi bá fẹ́ kọ́ wọn, á kọ́kọ́ gé e sí wẹ́wẹ́ bí ẹní gé àlùbọ́sà, á wá kọ ọ́ sórí páálí kéékèèké, ìgbésẹ̀ kan lábẹ́ èkejì. Páálí wà lára ògiri ilé ìdáná: bí a ṣe ń se ẹyin, ìgbésẹ̀ mọ́kànlá. Páálí wà nílé ìwẹ̀. Páálí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù: "Sọ orúkọ rẹ. Sọ ohun tí o fẹ́. Dákẹ́, kí ẹni kejì náà lè sọ̀rọ̀." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi mú ọ̀kan nínú ìyẹn wálé fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta bá mi yodì. Ọjọ́ mẹ́ta tó tura jù lọ láyé mi nìyẹn.

Báyìí ló ṣe di Àǹtí Onípáálí fún gbogbo àdúgbò.

Ọkùnrin gíga tí mo wí yẹn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, opó sì ni. Ilé alágbàfọ̀ kan tó ń fọ aṣọ fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ni Àǹtí Onípáálí bá a wáṣẹ́ sí. Kíká aṣọ niṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bára wọn mu débi pé eèrà ò ní rọ́nà gbà láàárín wọn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, obìnrin kan wá gba kóòtù rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí, ó wá yíjú sí i.

"Ó bá mi mu, àbí?"

"Kò bá yín mu," ni ọkùnrin yìí wí. "Kóòtù náà dáa. Ẹ̀yin lẹ tóbi."

Ẹni tó ń lọ aṣọ lẹ́yìn gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lọ́wọ́, ó fi orí lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Adájọ́ ti dájọ́!" ló ń pariwo. "Kò sí kòtẹ́milọ́rùn!"

Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Adájọ́. Ìyá rẹ̀ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ náà ní tiẹ̀, Aláwàdà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó ń ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ bí eré, bí wọ́n bá sì ní kó sin òkú, á wá ibi tí ẹ̀rín wà níbẹ̀.

Ní òkè ilé aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn, yàrá mẹ́rin ló wà. Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kan níbẹ̀ ti ní ilé: á máa lọ síbi iṣẹ́ fúnra rẹ̀, á máa se oúnjẹ ara rẹ̀, òṣìṣẹ́ á kàn máa yọjú sí i lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Mẹ́ta ti ní olúwa. Ọ̀kan ṣófo. Ọkàn ìyá Adájọ́ wà nínú yàrá kan yẹn lọ́sàn-án lóru, nítorí pé ìbàdí rẹ̀ ti bàjẹ́, dókítà ti ní iṣẹ́ abẹ ni, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú débi pé ọmọ aládùúgbò ló ń bẹ̀ pé kó bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọmọ rẹ̀ àgbà wà ní ìlú tó jìn, ó lówó díẹ̀, ó láya, ó bímọ mẹ́ta. Òun ti sọ tiẹ̀: "Màmá, bí ẹ ò bá lè mọ́, èmi ni màá mú un. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé, ibi tá à ń kó ẹrù sí. A máa tún un ṣe."

Obìnrin náà sọ èyí fún ọmọ mi, ó fi etí aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ nu ojú. "Àǹtí, èmi ò bí ẹrù. Èèyàn ni mo bí."

Ọmọ mi gbá a lọ́wọ́ mú. "Màmá, ó máa gba kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ẹ fi lé mi lọ́wọ́."

Ìgbìmọ̀ kan ló ń pinnu ẹni tó máa gba yàrá, àwọn àgbàlagbà márùn-ún, alága wọn jẹ́ olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń fi àmì sí. Ṣé ó lè se oúnjẹ? Ó lè sè é. Ṣé ó lè dá lọ, kó dá bọ̀? Ẹ bi ọlọ́pàá. Ṣé ó níṣẹ́ lọ́wọ́? Ó ní. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ló le: ǹjẹ́ ẹnì kan wà, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé, tó ń bá a rìn fúnra rẹ̀? Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba yàrá kó wá jókòó sínú rẹ̀ bí àga. Ọ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ wà.

Aláwàdà sì ni ọ̀rẹ́ náà. Ẹ má rò pé irọ́ ni o. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni wọ́n jẹ́ fún bí ọdún kan àti ààbọ̀. Wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán lórí àpò aṣọ. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí aago mẹ́rin bá ti lù, Adájọ́ á wà lẹ́nu ọ̀nà Aláwàdà ní àjà kẹta, wọ́n á jọ wo bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ò kan Adájọ́. Iye ìgbà tí rẹfirí bá fọn fèrè ló ń kà. Aláwàdà ní òun ò tíì rí ẹni tó jókòó ti òun wo bọ́ọ̀lù tí kì í bá òun jà rí. Páálí ọ̀rẹ́ náà, ọmọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó sì gbà á ní oṣù méjì kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn: "Kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Kí i. Bi í pé, ṣé o ráyè? Bó bá ní òun ò ráyè, má bínú. Bi í pé, ìgbà wo ni o máa ráyè? Padà wá ní ìgbà tó dá."

Ẹ wo páálí yẹn dáadáa. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àbí? Èmi náà kà á, mo ní ó pé. Kò sẹ́ni tó rí ohun tí kò sí níbẹ̀ nínú gbogbo wa, nítorí pé láàárín wa níbí, ta ló ń sọ ọ́? Ta ló ń wo ojú ẹni tó kanlẹ̀kùn tó ń sọ pé, mi ò fẹ́ ẹ nílé mi mọ́? À ń sọ pé ó di ọ̀la. Ẹni tí a sọ ọ́ fún á mọ̀ pé ọ̀la yẹn kì í mọ́, á gba ilé rẹ̀ lọ, iyì tiwa àti tiẹ̀ á wà níbẹ̀.

Aláwàdà gbéyàwó. Ó bímọ. Ìyàwó ò fẹ́ràn àlejò aago mẹ́rin yìí. Ọjọ́ Àìkú kan, Aláwàdà yọ orí síta láàárín ilẹ̀kùn.

"Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ráyè lónìí o."

"Ìgbà wo lo máa ráyè?"

"Háà... wá lọ́la."

Lọ́la, aago mẹ́rin, ó dé. Aláwàdà ní ó di ọ̀túnla. Lọ́túnla, ó dé. Ọjọ́ mẹ́fà léra wọn. Èmi máa ń sọ pé ogójì ọjọ́ ni bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò, ṣùgbọ́n mẹ́fà ni, ó sì ti tó. Lọ́jọ́ keje, Aláwàdà ló wá bá ọmọ mi, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wọn bí ẹni tó fọ́ àwo.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

"Sọ pé kí ni?"

"Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ìyàwó mi. Kì í wò ó lójú. Lọ́jọ́sí, ó bi í pé kí ló dé tí ikùn rẹ̀ ò tíì wálẹ̀ nígbà tọ́mọ ti jáde."

Ọmọ mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Kí ló dé tí ìwọ ò sọ fún un fúnra rẹ?"

"Kí n wo ojú Adájọ́ kí n ní má wá sílé mi mọ́? Àǹtí, ṣé ẹranko ni mí ni?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ìgbìmọ̀ jókòó. Ọmọ mi wálé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó jókòó tì mí, kò bọ́ bàtà.

"Bàbá, bí mo bá sọ òótọ́ fún un, kò lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́ nìyẹn. Kí ni màá kọ síwèé?"

Mo ní, "Má sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Fi ọgbọ́n gbé e. Bí ìgbìmọ̀ bá ti jókòó tán, tó ti gba kọ́kọ́rọ́, o lè wá sọ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́."

"Irọ́ nìyẹn, Bàbá."

"Ta ló pè é nírọ́? Nígbà tí o wà ní kékeré, ṣebí ìwọ lo máa ń lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ sọ fún àwọn èèyàn pé bàbá mi ò sí nílé, èmi á sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣé ẹnì kankan kú?"

Ó rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé mo pa á lẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe Adájọ́. Ó ní ó ti rẹ Aláwàdà, ọmọ tuntun kì í jẹ́ kó sùn, kó jẹ́ kó sinmi díẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó ni díẹ̀?"

Ó lè sọ pé ọgbọ̀n. Ó lè sọ pé ọgọ́rùn-ún. Ohun tó bọ́ sí i lẹ́nu ni, "Ọjọ́ mẹ́wàá."

Adájọ́ mú bírò, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ páálí ọ̀rẹ́ náà.

Ọmọ mi ní lọ́kàn pé òun máa padà síbi ọ̀rọ̀ yìí kí ọjọ́ náà tó pé. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, èèyàn mọ́kànlá ni òṣìṣẹ́ mẹ́ta ń bójú tó. Ẹnì kan sọnù lójú ọ̀nà, wọ́n wá a rí. Ẹnì kan kọ̀ láti jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí pé wọ́n pààrọ̀ ife rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá dé, ó ń kọ́ ọmọbìnrin kan bó ṣe máa tan sítóòfù. Kò rántí.

Adájọ́ rántí. Ó parí iṣẹ́ ní aago mẹ́ta àbọ̀. Aago mẹ́rin lù, ó kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó dáhùn láti inú ilé, kò ṣílẹ̀kùn.

"Kò sí nílé!"

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Kò ní pẹ́ dé. Bóyá kí o dúró dè é."

Ohùn tó fi sọ ọ́, ẹ̀yin àtèmi, a ti mọ̀ pé ká máa bá tiwa lọ. Adájọ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Aláwàdà sì wà nínú ilé, ó gbé ọmọ sáyà, ó fi ìka lé ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ èyí fún ọmọ mi lẹ́yìn náà, ó sì ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ló fi jókòó síbẹ̀. Ó ń mi ara síwájú sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe bí nǹkan bá pẹ́. Àwọn aládùúgbò ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin gbọ̀ǹgbọ̀nràn kan tí kì í wo ẹnikẹ́ni lójú ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n ní ta lò ń wá. Ó ní òun ń dúró. Wọ́n ní dìde. Ó ní wọ́n ní kóun dúró. Bàbá arúgbó kan tó ń gbé àjà kẹrin, tí kò ní ibi kankan nínú, dì í lápá mú láti fà á dìde. Adájọ́ gba apá rẹ̀ padà pẹ̀lú agbára, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iná jó. Bàbá náà yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn méje. Mi ò fi ọ̀kan kún un. Egungun ìtan rẹ̀ ṣẹ́.

Adájọ́ padà jókòó sí àyè rẹ̀, ó fọwọ́ di etí méjèèjì.

Ìgbà tí ọmọ mi fi débẹ̀, bàtà rẹ̀ ọ̀tún jẹ́ dúdú, tòsì jẹ́ pupa, ọlọ́pàá ti dé. Ilẹ̀kùn ṣí. Aláwàdà jáde, ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ wò ó láti òkè délẹ̀.

"O wà nínú ilé."

"Má bínú, ọ̀rẹ́ mi."

"Ìyàwó rẹ ní o ò sí nílé." Ó ronú. "Ṣé kò rí ẹ ni?"

Aláwàdà tó lè fi òkú ṣàwàdà, ó fa ọmọ mọ́ra. Ó gbé ojú sílẹ̀, ó ń wo orí ọmọ rẹ̀.

Ọlọ́pàá dá Adájọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nítorí pé dókítà bá wọn sọ̀rọ̀, bàbá arúgbó náà sì ní òun ò fẹ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé náà sì dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kí Adájọ́ fúnra rẹ̀ tó débẹ̀.

Mo bá wọn lọ lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Yàrá tó tutù ni, àga oníke, aago ògiri kan tó ń pariwo jù. Adájọ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ti fúnra rẹ̀ lọ̀. Ìyá rẹ̀ di ọ̀pá rẹ̀ mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Alága kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó rọra sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o máa tún lọ sí ilé yẹn?"

"Bó bá ráyè."

"Ohun tá à ń sọ ni pé kí o má lọ síbẹ̀ mọ́."

"Òun ò sọ bẹ́ẹ̀," ni Adájọ́ wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Òun ní òun ò ráyè."

Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn kọ nǹkan sílẹ̀. Ọmọ mi dìde. Mo fẹ́ fà á láṣọ kó jókòó, ọwọ́ mi ò tó o.

"Adájọ́, gbọ́ mi. Kò fẹ́ kí o wá mọ́. Kì í ṣe pé kò ráyè. Kò fẹ́ ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù tó kọjá."

"Ṣé ẹ ti mọ̀ kí n tó lọ?"

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ ní ọjọ́ mẹ́wàá."

"Irọ́ ni mo pa, Adájọ́. Má bínú."

Ó mi orí, bí ẹni tó ń fi àmì sínú ìwé. Kò pariwo. Ó ṣáà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá náà, ó gbé àga kan, ó jókòó síbi tó jìnnà sí i.

Àwọn ìgbìmọ̀ jáde, wọ́n wọlé. Wọ́n fún ọmọbìnrin tó ń kọ́ sítóòfù ní yàrá náà. Alága yíjú sí ìyá Adájọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ má sọ̀rètí nù. A máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò lọ́jọ́ iwájú."

Mo rí i bí ojú obìnrin náà ṣe là díẹ̀.

"Ọjọ́ wo?" ni Adájọ́ béèrè.

Alága bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ jọ.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí, ó wá sílé wa. Ó gbé páálí bàtà kan lọ́wọ́ tó kún fọ́fọ́ fún gbogbo ohun tí ọmọ mi ti kọ fún un láti ọdún mẹ́ta. Ó lé ní igba. Kò kí wa, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n kí tẹ́lẹ̀. Ó gbé e síwájú ọmọ mi.

"Àǹtí, ẹ yọ irọ́ inú rẹ̀ kúrò."

Ọmọ mi jókòó sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn. Bí a ṣe ń se ẹyin: òótọ́. Bí a ṣe ń sọdá títì: òótọ́. Bí a ṣe ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun: òótọ́. Ó ń tò wọ́n sápá ọ̀tún. Ó wá kan èyí tó kà pé, "Bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín sí ẹ, inú rẹ̀ dùn sí ẹ." Ó mú un lọ́wọ́ pẹ́. Ó gbé e sí òsì. "Bí ẹnì kan bá bi ẹ́ pé ṣé dáadáa ni, ó fẹ́ mọ̀." Òsì. "Bí o bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ bó ṣe yẹ, wọ́n máa gbà ẹ́ láyè." Ó wo èyí, ó wo èmi. Mi ò lè ràn án lọ́wọ́. Òsì.

"Nígbà mìíràn, òótọ́ ni, Adájọ́," ló wí. "Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí, nígbà mìíràn, òótọ́ ni."

"Ìgbà wo?"

"Mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Èèyàn kàn máa ń mọ̀ ni."

"Èmi kì í mọ̀," ni Adájọ́ wí.

Nígbà tó parí, gbogbo ohun tó kù lápá ọ̀tún ò ju bí ọgọ́ta lọ. Iná, omi, ọṣẹ, bọ́ọ̀sì, ọbẹ. Kò sí èèyàn kankan nínú wọn. Adájọ́ kó ọgọ́ta náà sínú páálí bàtà, ó dé e, ó lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ọ̀gá ilé alágbàfọ̀ ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ní hòtẹ́ẹ̀lì ń bínú, aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn ti wọ́. Aláwàdà náà wá, ó dúró níwájú ilé ìyá rẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Adájọ́ ò ṣílẹ̀kùn. Ó ní kò sí ìdí.

Oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n gba ìyá rẹ̀ sílé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ ìbàdí. Ọmọ àgbà wá pẹ̀lú ọkọ̀ àti ìyàwó. Èmi àti ọmọ mi lọ bá wọn di ẹrù. Aṣọ ìwọ̀n díẹ̀, bàtà méjì, páálí bàtà. Adájọ́ ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó ti de bẹ́líìtì, ó ń wo iwájú.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé. "Àǹtí, ẹ máa wá kí wa o! Ẹ má jẹ́ kó pẹ́!"

Ọmọ mi la ẹnu. Mo rí i kedere, màá wá láìpẹ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

Adájọ́ yíjú sí i, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìgbìmọ̀. "Ṣé ẹ máa wá?"

"Mi ò mọ̀, Adájọ́. Ọ̀nà yẹn jìn, iṣẹ́ ò sì jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí n má wá."

Ó rò ó. "Ó dáa," ló wí, ó sì yí gíláàsì sókè.

Oṣù kọkànlá tí wọ́n ti lọ nìyí. Ọmọ mi ò tíì lọ kí i. Iṣẹ́ abẹ ìyá náà kò jinná bọ̀rọ̀, ó ṣì ń fi igi rìn nílé ìwòsàn, wọn ò tíì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa dá a sílẹ̀. Ọmọ mi ṣì ń lọ sí ilé aláwọ̀ ojú ọ̀run láràárọ̀, ó ṣì ń kọ páálí, ṣùgbọ́n ti iná àti ti omi nìkan ló ń kọ báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ló ń kọ ti èèyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tẹ ẹ̀gbọ́n Adájọ́ láago níwájú mi. Ó béèrè bí Adájọ́ ṣe ń ṣe sí, ṣé ó ń jáde, ṣé ó ti mọ ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró ní àdúgbò yẹn, ṣé ó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn gidi. "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Inú yàrá rẹ̀ ló wà. Kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."